Àìsàn tí Ọládìran Kò Fẹ́ Kó Tán

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

1.
Aránṣọ ni Ọládìran, ní Fegge, ní Onitsha. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti kékeré, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n kò tọrọ jẹ rí. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ló fi ń ránṣọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè tẹ èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ máa káàánú rẹ̀ jù, á ní, "Ẹsẹ̀ ló rọ, ọwọ́ ò rọ." Gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ òjò kan, ó yọ̀ ṣubú sínú gọ́tà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì sán. Oṣù mẹ́rin ló fi wà lórí ibùsùn. Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tí à ń ṣòwò ní Fegge, ló gbé e ró. Òfin wa ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tí àìsàn bá dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, a ó máa fún un lówó oúnjẹ lóṣooṣù títí yóò fi dìde. Ebi ò pa òun àti Tósìn ìyàwó rẹ̀. Títí dé ibí yìí, Ọládìran ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

2.
Ní oṣù karùn-ún, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Kò tíì lè jókòó di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó lè rán ṣòkòtò kan kí ìrora tó dé. Obìnrin kan ní Nkpor, ìlú tó wà nítòsí Onitsha, tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, ní kó wá máa jókòó ní igun ṣọ́ọ̀bù òun.

"Lọ sọ fún alága ẹgbẹ́," ni Tósìn wí. "Sọ pé o ti ń ṣe díẹ̀díẹ̀."

"Kí wọ́n lè gé gbogbo ẹ̀ kúrò? Bí ìrora yìí bá tún dá mi dùbúlẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí, tí kò mọ bí yóò ṣe jí lọ́la, ló lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò béèrè. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Láàárọ̀, yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Nkpor. Bó bá di ọ̀sán Sọ́ńdè tí ẹgbẹ́ máa ń bẹ aláìsàn wò, yóò dùbúlẹ̀, yóò fa aṣọ bo ara rẹ̀ dé àyà.

Bàbá Adéníjì, alága wa, àgbàlagbà oníṣòwò aṣọ, á kúnlẹ̀ ti ibùsùn, wọ́n á gbàdúrà títí òógùn á fi bò wọ́n. Ọládìran á sì ṣe "Àmín". Nígbà àkọ́kọ́, kò lè jẹun lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán. Nígbà kẹta, ó jẹun. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí wọn pé wọn ò tíì gbé owó oṣù wá.

3.
Àánú rẹ̀ ń ṣe ẹgbẹ́. Wọ́n dáwó, wọ́n ra àga onítáyà tí àwọn aláàbọ̀ ara fi ń rìn. Wọn ò sọ fún un, kí inú rẹ̀ lè dùn lójijì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá Adéníjì àti ọmọ ẹgbẹ́ méjì gbé e wá sílé rẹ̀. Tósìn ní ọkọ òun ti lọ sí ọsibítù. Kò gbójú sókè bó ṣe ń sọ ọ́.

Oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń gbé Ọládìran wà lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé òun ń ṣe wọ́n lóore.

"Una dey find tailor? I don carry am go shop for Nkpor. Na every day. Enter, make I show una."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ká àga náà pọ̀, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e lé itan.

4.
Ọládìran ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì nígbà tó rí ẹsẹ̀ mẹ́fà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ bàtà Bàbá Adéníjì. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá ò bínú, ìyẹn ló sì dùn ún jù. "Ọládìran, o ò ṣe bi wá? Ó wà nínú òfin wa pé ẹni tó bá lè ṣe díẹ̀ kó máa ṣe é, a ó máa fún un ní ìdajì títí agbára rẹ̀ á fi padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan péré là ń retí."

"Ẹ gbé àga yẹn lọ, sà. Kò tọ́ sí mi."

"Ẹsẹ̀ ẹ ò parọ́ fún wa. Ìwọ lo parọ́. Gba àga ẹ."

Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, wọ́n sì lọ. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù fi Ìgbò béèrè pé ta ni wọ́n. Ọládìran doríkodò, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

5.
Ẹgbẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó gbà fún wọn. Ohun tó bà á lọ́kàn jẹ́ gan-an dé lẹ́yìn oṣù méjì.

Adétóyìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Fegge, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀. Àìsàn kíndìnrín wá dá a dùbúlẹ̀. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ ti ibùsùn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ìwé dókítà. Ẹnìkan tún lọ ń bi àwọn aládùúgbò bóyá ó ń yọ́ tajà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Kí wọ́n tó parí, ó ti ta gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti fi ra oògùn.

Ọládìran lọ bẹ̀ ẹ́ wò. "Àǹtí, ẹ dárí jì mí."

Adétóyìn ní, "Bọ̀ọ̀dá Ọládìran, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ìdáhùn kan. Wọ́n dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, wọ́n bi mí lójú ara mi pé ṣé irú àìsàn tiyín ni tèmi. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

 Ọládìran sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, ìtìjú ò sì jẹ́ kó lè gbórí sókè wò ó.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Ìrànlọ́wọ́ tó bá tọ́ sí yín, ẹ gbà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ara bá yá díẹ̀, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó parọ́. Irọ́ tẹ́ ẹ bá fi àìsàn yín pa, aláìsàn ẹlòmíràn ni wọn ò ní gbà gbọ́. Àwọn àgbà ní, ìka kan tó bá tọ́ epo, á ran àwọn tó kù.