Rọ́bà Tí Ìdírísù Fi So Jíà

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà ìkẹyìn.

1.
Ìdírísù jẹ́ awakọ̀ ní Ìgbógilà. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń mu dísù ló fi ń kó gaàrí lọ sí Ìlaró, òun náà ló fi ń gbọ́ bùkátà ìyàwó rẹ̀, Mùínátù, àti Asiyah ọmọ wọn. Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bó bá dúró díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á sì kú. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jíà kẹta á fò jáde fúnra rẹ̀.

Ó gbé e lọ bá Akínlolú, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Àyétòrò. Akínlolú fi rọ́bà funfun tí a lè rí inú rẹ̀ rọ́pò èyí tí dísù ń gbà kọjá, ó sì tan ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó bó ṣe ń hó. Rọ́bà yín àtijọ́ ti là níbì kan, afẹ́fẹ́ ń wọ inú dísù. Òun ló ń pa sílò yín."

Sílò ni wọ́n ń pe bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Akínlolú tún tú ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì sínú abọ́. Irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀.

"Irin ti ń jẹ irin níbí. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Kí àwọn awakọ̀ yòókù kó gbogbo oníbàárà mi lọ? Ọdún kejìdínlógún tí mo ti ń wakọ̀ rèé. Dá rọ́bà mi padà. Mo mọ bí mo ṣe máa tàn án."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè tan irin jẹ o."

Ìdírísù ti wọlé sínú ọkọ̀. Akínlolú dá rọ́bà àtijọ́ àti ọ́ìlì náà padà, ó sì jẹ́ kó lọ.

2.
Nígbà tó délé, ó mú sukurudiráfà, ó yí sílò sókè títí ẹ́ńjìnnì fi ń bú ramúramù. Lẹ́yìn náà ló gé rọ́bà inú táyà kan, ó fi so ọ̀pá jíà mọ́ irin kan níwájú rẹ̀, kí jíà má baà fò jáde mọ́. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ iye yín tó ti ṣe irú rẹ̀.

Mùínátù fẹ́ kó gaàrí tirẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá Asiyah, ṣé wọ́n ti tún ọkọ̀ yìí ṣe?"

"Wọ́n ti tún un ṣe."

"Jíà ńkọ́? Tí kò bá tíì dáa, ẹ jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ ẹlòmíì."

"Mo ní wọ́n ti tún un ṣe! Ṣé mo máa ń purọ́ fún ẹ ni?"

Kí Mùínátù tó jókòó ti ọkọ rẹ̀, Ìdírísù ti fi aṣọ ìnujú bo rọ́bà yẹn.

3.
Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ìlaró, wọ́n kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Ẹrù pọ̀ lẹ́yìn. Rọ́bà já, jíà fò jáde. Ìdírísù gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tó fi ń mú ọkọ̀ sáré kó lè dá jíà padà, afẹ́fẹ́ inú dísù sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú, búréèkì le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí agbára ẹ́ńjìnnì ló ń ràn án lọ́wọ́.

"Bàbá Asiyah, ẹ tẹ búréèkì!"

"Mo ń tẹ̀ ẹ́! Mo ń tẹ̀ ẹ́!"

Ọkọ̀ yà wọ igbó, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Mùínátù jókòó sí.

4.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún Mùínátù ṣẹ́ sọ́nà méjì. Asiyah sáré dé ọsíbítù láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ pé ọkọ̀ tí kò dáa ló fi gbé ìyá òun.

"Panu mọ́!" Mùínátù sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora. "Bàbá ẹ ti tún ọkọ̀ ṣe. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Kádàrá ni."

Akínlolú, tó wá kí wọn, wà nídìí ibùsùn náà. Ó wo Ìdírísù, ó sì wo ilẹ̀. Ìtìjú bo Ìdírísù. Ì bá sàn fún un kí wọ́n gbá a létí lójú gbogbo ayé.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, tó ku òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Asiyah, mi ò tún un ṣe. Mo purọ́ fún ẹ."

Mùínátù wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́. Ó ní, "Mo bi yín léèrè o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín." Ó sì kọjú sí ògiri.

5.
Mùínátù ti dárí jì í. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń pè é ní Bàbá Asiyah bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ṣùgbọ́n bí Ìdírísù bá jókòó sí ìta tó pariwo pé òjò ti ṣú, kó wá ká aṣọ, Mùínátù kì í kọ́kọ́ mú agbọ̀n. Ìdírísù á gbọ́ tí ọ̀pá yẹn ń kanlẹ̀ lọ sójú fèrèsé, kí ìyàwó rẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ wo ojú ọ̀run.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mẹkáníìkì bá ní ọkọ̀ yín ò gbọdọ̀ rìn, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ẹ ò bá sì tíì tún un ṣe, ẹ má sọ fún ẹnì kankan pé ẹ ti tún un ṣe. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ìdírísù ò tilẹ̀ pé ọjọ́ méjì.