Wáyà Tó Já Lé Mọ́tò

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Bí mo bá purọ́, kí àrá sán pa mí. Ó dáa, kí ó sán pa àkùkọ aládùúgbò wa, nítorí ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán ná, màá jẹ́wọ́.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wáyà já lé mọ́tò náà. Bàbá Òpó ló ní kí ọmọ òun obìnrin, tó ń wa mọ́tò, gba àárín àdúgbò kan, pé ó yá ju títì lọ. Òun náà ló ní kó dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, pé ó dà bíi pé táyà ẹ̀yìn ń jò. Ọmọ náà ò tíì pa mọ́tò tán tí nǹkan fi dún gbàà lókè orí wọn. Wáyà iná ńlá ni, irú èyí tí agbára rẹ̀ ju ti inú ilé lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ó dábùú lórí mọ́tò, ó sì ká sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

"Má sọ̀ kalẹ̀," ni Bàbá Òpó wí. "Má sì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ iná ló kọ́ ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti fi ogójì ọdún gun òpó iná kó tó fẹ̀yìn tì. Òfin kan wà tí àwọn méjèèjì ò lè gbàgbé bí wọ́n bá tilẹ̀ ń sùn: wáyà tí wọn ò bá tíì fi irin so mọ́lẹ̀, ààyè ni, bó ti wù kó dákẹ́ tó. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sínú mọ́tò, ara mọ́tò ni iná máa gbà lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ kan kalẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì kan mọ́tò, ara tirẹ̀ ni iná máa gbà.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ń dúró. Ilé iṣẹ́ iná átọ́mù ti gba ọmọ náà síṣẹ́, aago méjìlá géérégé sì ni bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ tuntun máa gbéra. Oṣù mẹ́ta ni òun àti bàbá rẹ̀ fi jà lórí iṣẹ́ yìí, torí bàbá ò fẹ́ kó lọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Òpó rọ̀, tó ní òun á sìn ín débẹ̀.

Ọmọ náà pe ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù.

"Àbúrò, a ò lè dúró o," ni akọ̀wé wí. "Ẹni tí orúkọ ẹ̀ tẹ̀ lé tìẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti báàgì."

Bàbá Òpó náà yọ fóònù tirẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, wáyà ti wà lórí wa o. Ẹ máa bọ̀." Ó dá fóònù padà sápò.

"Ṣé wọ́n á tètè dé?"

"Èmi ni mo kọ́ wọn níṣẹ́."

Onígbàjámọ̀ jáde, kílípà lọ́wọ́, òógùn lójú. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ jókòó ṣe? Láti àárọ̀ niná ti lọ níbí! Kílípà mi ti di òkúta!"

"Ẹ sún sẹ́yìn, sà!" ni ọmọ náà pariwo. "Pé kò síná ní ṣọ́ọ̀bù yín ò ní kó má sí nínú wáyà!"

"Ó dáa, ọ̀mọ̀wé. Bí irun bá kún yín lórí kẹ́ ẹ tó sọ̀, ẹ ké sí mi."

Bàbá Òpó rẹ́rìn-ín. "O dá a lóhùn dáadáa, Ẹnjiníà mi."

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí bọ́ọ̀sì gbéra, ọmọ náà bọ́ bàtà. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ibi bọ́ọ̀sì.

"Màá fò. Ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo kọ́ ẹ. Mo sì ti sin ọkùnrin méjì tó mọ̀ ọ́n fò jù ẹ́ lọ." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àrá ló pa bàbá mi lábẹ́ igi. Èmi fi ogójì ọdún bá ohun tó pa á ṣeré, mo sì bọ́. Ìwọ nìkan ni mo bí. Má jẹ̀ẹ́ kí n sin ẹ́."

Ọmọ náà wo wáyà. Kò dún, kò ta pàrà, koríko tó fara tì kò jó. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á, torí èyí tó bá dákẹ́ ló máa ń pa oníṣẹ́. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà.

Ní aago méjìlá, fóònù dún. Kò gbé e.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méje, ọkọ̀ àwọn oníwáyà yọ láti kọ́nà. Wọ́n fi irin so wáyà mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e kúrò. Etí ibi tó ti já mọ́ roro bí iṣu tí wọ́n fọ̀bẹ gé.

"Ẹ kú ìjókòó, Ọ̀gá," ni olórí wọn wí.

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Dìde, jọ̀ọ́. Má dúpẹ́." Ọkùnrin náà kò wojú rẹ̀.

Nínú mọ́tò, ó gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀, ó sunkún títí. Ó ní, "Bàbá, ká ní ẹ ò sí níbẹ̀ ni, mi ò bá ti kú."

"Ẹ̀mí ló ṣe kókó," ni Bàbá Òpó wí. "Jẹ́ ká lọ sílé."

Ẹ wá gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi: bí mo ṣe sọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀, àfi jíjá tí mo ní wáyà náà já, torí láti àárọ̀ làwọn ọmọ Bàbá Òpó ti pa iná àdúgbò yẹn, wọ́n gé wáyà, wọ́n sì fokùn gbé e dúró lókè títí mọ́tò fi dé ibi tí Ọ̀gá wọn ní òun máa ní kó dúró sí.