Láwàní Bàbá Rifai

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ sọ fóònù sílẹ̀ o, ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló kọ́ ọ ní ohun tó o fi ń yangàn lónìí, jókòó dáadáa, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Dahi ò tíì pé ọmọ ọdún méje tí bàbá rẹ̀ fi kú. Rifai, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló mú un sọ́dọ̀. Lábúlé wa lẹ́bàá Kena, nílẹ̀ Íjíbítì, kò sẹ́ni tó mọ eré ọ̀pá bíi Rifai. Tí wọ́n bá ti oko ìrèké dé nírọ̀lẹ́, á fún ọmọ náà lọ́pá kan, á mú ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n á máa yí ara wọn po nínú eruku.

"Ọ̀pá yìí lè fọ́ orí èèyàn," ni Rifai máa ń sọ. "Tó o bá ti rí àyè orí ẹni tó ò ń bá ṣeré, dá ọ̀pá dúró kó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Òun á mọ̀ pé o ti jẹ, ìwọ náà á mọ̀. Ó tán."

"Àwọn tó ń wòran ńkọ́, Bàbá?"

"Kí ló kàn wọ́n ńbẹ̀?"

2.
Dahi dàgbà, ó di gbajúmọ̀. Àwọn èèyàn ń fi fóònù ya eré rẹ̀, wọ́n ń pín in kiri, ìyìn sì gùn ún. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bú sẹ́rìn-ín.

"O ń jẹ gbogbo ayé. Ṣé o lè jẹ bàbá ẹ?"

"Bàbá ti darúgbó."

"Sọ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́."

Látọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Dahi.

3.
Nagat, ọmọbìnrin Rifai, ṣègbéyàwó. Fèrè ń ké, àwọn àna ti jókòó, ni Rifai bá wọ agbo pẹ̀lú àádọ́rin ọdún rẹ̀. "Ọmọ mi ni mo fẹ́ bá ṣeré lónìí," ló wí, ó sì nawọ́ sí Dahi.

Wọ́n gbé ọ̀pá sókè kíra wọn. Wọ́n yí po. Inú bàbá ń dùn, ló bá ṣí apá òsì orí rẹ̀ sílẹ̀. Àwàdà tó ti ń bá ọmọ yìí ṣe láti kékeré nìyẹn: ọmọ á dá ọ̀pá dúró, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Dahi rí àyè náà. Ó rí àwọn fóònù tí àwọn òǹwòran nà sókè náà. Kò dá ọ̀pá dúró.

Kò ṣe é léṣe o. Orí ọ̀pá kọ́ láwàní lásán, láwàní sì ṣubú sínú eruku. Fèrè dákẹ́. Orí funfun bàbá wà ní gbangba lójú àwọn àna rẹ̀, lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀tẹ́ ńlá ni kí wọ́n ṣí àgbà lórí níta.

Rifai bẹ̀rẹ̀, ó mú láwàní, kò gbọn eruku rẹ̀. "O ti kọjá mi, Dahi," ló wí, ó bá wọlé lọ.

4.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a máa ń ṣeré ọ̀pá lábúlé, Dahi wọ agbo, ó gbé ọ̀pá sókè. Kò sẹ́ni tó mú ọ̀pá kejì. Ó rò pé àwàdà ni. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Wọ́n ń dáhùn kíkí rẹ̀, wọ́n ń bu tíì fún un, ṣùgbọ́n ti ọ̀pá, rárá. Eré ọ̀pá kì í ṣe eré ẹnìkan, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó wá ń bá igi dàbínù ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ṣeré. Àdáwà yẹn dùn ún dé egungun.

Ó lọ sílé Rifai lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo abúlé wà lóko. Ìyá Nagat pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, mo wá bẹ Bàbá ni."

"Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí kò sẹ́ni lójú ọ̀nà lo wá?"

Dahi bojú wẹ̀yìn wo ojú ọ̀nà tó ṣófo.

"Ojú gbogbo ayé lo ti ṣe é. Ṣí orí tìẹ náà lọ́jọ́ Jímọ̀, kó o wá lójú gbogbo ayé. Kò ní lé ẹ."

"Mo máa wá, Ìyá."

Jímọ̀ dé, ó ní ó di ẹ̀yìn ìkórè ìrèké. Wọ́n kórè tán, ó ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ojú ń tì í láti ṣí orí níwájú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un tẹ́lẹ̀.

5.
Ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀ ni Rifai kú.

Wọ́n sin ín tán, Nagat gbé ọ̀pá bàbá rẹ̀ wá. Láwàní ọjọ́sí ni wọ́n fi wé e, eruku ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní kí n gbé e fún yín."

"Ṣé ó bínú sí mi títí tó fi lọ?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi bínú. Látìgbà yẹn, gbogbo Jímọ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá á wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Tá a bá bi í léèrè, á ní, 'Ọmọ mi ń bọ̀ wá bá mi ṣeré.'"

"Kí ló dé tẹ́ ò pè mí?"

"Ó ní ká má pè yín. Ó ní ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá pè wá kì í ṣe ẹ̀bẹ̀."

Tẹ́ ẹ bá dé ilé Dahi lónìí, ọ̀pá méjì ló fara ti ògiri. Kò sẹ́ni tó máa bá a mú ìkejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á débí, mo bẹ̀ yín, ẹ má torí àtẹ́wọ́ òǹwòran dójú ti ẹni tó kọ́ yín. Òǹwòran á lọ sílé rẹ̀. Tó o bá sì ti ṣe é, má sọ pé ó di ọ̀la. Dìde báyìí, lọ bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn tó rí i. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.