Zobo fún Ẹ̀kọ́ Ìmọ́lẹ̀

"Ẹ gbé zobo yín sójú, kí ẹ fi wo ẹ̀fọ́ orí tábìlì yìí!" ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń wí lọ́wọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba fi wọ kíláàsì wọn ní Nyanya láìkan ilẹ̀kùn.

Àwọn ọmọ gbé zobo inú ọ̀rá sójú. "Àǹtí, ẹ̀fọ́ ti dúdú!"

Inú olùkọ́ dùn. Ìdájí ló ti jí se zobo náà, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i pé ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan ló ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Alábẹ̀wò fajú ro. "Ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé yìí lẹ ń pè ní dúdú?"

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fi èyí wò ó." Olùkọ́ na ọ̀rá kan sí i.

Ó gbà á, ó feyín já etí rẹ̀, ó sì fà á mu tán. "Ṣúgà rẹ̀ kéré."

Ló bá fa bírò pupa yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà sínú fọ́ọ̀mù àbẹ̀wò rẹ̀ pé: "Olùkọ́ yìí kò mọ nǹkan kan." Fọ́ọ̀mù yẹn ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ ṣì wà fún olùkọ́.

Ànú, tó jókòó níwájú, fi zobo tirẹ̀ wo fọ́ọ̀mù náà. "Àǹtí, wọn ò kọ nǹkan kan!"

Alábẹ̀wò já zobo gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó gbé e sójú. Gbogbo ìwé náà pupa fòò, kò rí lẹ́tà kan nínú ohun tó kọ síbẹ̀. Ó yọ zobo kúrò lójú, ó tún gbé e padà. 

Ó kọjú sí olùkọ́.

"Màdáàmù, ẹ yá mi ní bírò dúdú."