Agolo Nọ́ọ̀tì àti Kíndìnrín Àbúrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó ń lo oògùn ojoojúmọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín.

1.
Obìnrin télọ̀ kan wà tó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó mọṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sóhun tí wọ́n á sọ tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn táwọn oníbàárà fi ń pè é ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán. Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ wú, ojú wú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbéraga rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Àbúrò mi, má jẹ́ n kú," ló ń fi ẹkún sọ.

Àyẹ̀wò fi hàn pé ti àbúrò bá a mu. Obìnrin náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yọ kíndìnrín kan, wọ́n fi sára ẹ̀gbọ́n. Fún odidi oṣù mẹ́ta, kò lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kúrò ní ọsibítù, dókítà pe àwọn méjèèjì jókòó.

"Àlejò ni kíndìnrín yìí nínú ara yín," dókítà náà sọ fún ẹ̀gbọ́n. "Oògùn yìí ni kò ní jẹ́ kí ara yín bá a jà. Láàárọ̀, lálẹ́, aago kan náà, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Ẹ má sì lo oògùn míì láìbi wá."

"Mo ti mọ̀ ọ́n, dókítà," ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán dáhùn.

2.
Ó ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́fà. Ara ń dán, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àgbọ́njù ti bá a. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sínú mọ́tò, wọ́n máa ń rọra wà á, wọ́n á tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, títí ẹ́ńjìnnì á fi jókòó. Lẹ́yìn náà, kí awakọ̀ máa sá eré tó wù ú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ka kíndìnrín ọmọ ìyá rẹ̀ sí. "Ó ti jókòó," ó sọ fún ara rẹ̀. Oògùn náà tún ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, ojú sì ń tì í níwájú àwọn oníbàárà. Ó bá pa á tì.

Ká ní ó sọ jáde ni, wọn ì bá wá nǹkan ṣe sí i. Rárá o. Télọ̀ ò yéé pè é lórí fóònù láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

"Bọ̀dá mi, ṣẹ́ ẹ ti lo oògùn?"

"Fetí ara ẹ gbọ́ ọ." Á gbé ìgò oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, á mì í kó máa ró. "Mo ń gbé e mì báyìí."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ẹ̀mí yín á gùn."

Á ṣe àmín, á sì da hóró oògùn náà sínú agolo tó ń kó nọ́ọ̀tì bóòtù mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Tí àyẹ̀wò bá ku ọ̀túnla, á yára lo díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jọ ti ẹni tó ń gbọ́ràn. Ṣíọ̀! Àgbàlagbà ń gba àdúrà lẹ́nu ẹni tó ń tàn jẹ. Ó rí mi lára.

3.
Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ tún fi wú. Ṣé ó wá jẹ́wọ́? Ìyá wọn ló lọ bá.

"Màámi, àlòkù ló fún mi. Kíndìnrín yẹn ò dáa látilẹ̀."

Ìyá gbà á gbọ́. Ó kọjú sí télọ̀: "O mọ̀ pé ó lábùkù lo fi gbé e fún ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin yìí lára. Kò lè jẹun mọ́, ṣe ló ń fọwọ́ kan ojú àpá rẹ̀, tó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ló máa pa ẹ̀gbọ́n òun. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì kan jábọ́ lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n lọ láti mú òmíràn, ó sì ki ọwọ́ bọ inú agolo. Hóró oògùn ló bá ọwọ́ jáde, gíríìsì dúdú ti bò wọ́n. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa, òun ló máa ń lọ gbà wọ́n ní ọsibítù. Ó gbé agolo náà sínú báàgì rẹ̀.

4.
"Kíndìnrín náà ti kú," ni dókítà sọ níwájú gbogbo wọn. "Ṣẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn yín?"

"Lójoojúmọ́, dókítà. Ẹ bi àbúrò mi."

Télọ̀ yọ agolo nínú báàgì, ó dà á sórí tábìlì. Nọ́ọ̀tì àti oògùn jọ yí ká. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n," ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán rọra sọ.

"Ẹ ò sì sọ fún wa," ni dókítà dáhùn. "À bá ti yí oògùn náà padà fún yín. Kíndìnrín tí wọ́n fún yín ò lábùkù kankan."

Ẹ̀yin náà á rò pé á dọ̀bálẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú, ó ní: "Ọmọ ẹ obìnrin ti pé ogún ọdún. Bóyá kíndìnrín tiẹ̀ á bá mi mu."

Télọ̀ dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́: "Má fi ẹnu yẹn dárúkọ ọmọ mi mọ́."

Mo-mọ̀-ọ́n-tán ti padà sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Fóònù rẹ̀ kì í dún láàárọ̀ mọ́, kì í dún lálẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá gba kíndìnrín, àti ẹni tó ń retí rẹ̀. Pé ara ti yá kò sọ pé kẹ́ ẹ pa oògùn tì. Tí oògùn bá ń dà yín láàmú, dókítà ni kẹ́ ẹ sọ fún, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ má sì purọ́ fún ẹni tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí yín. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.