Ẹni Tó Ń Bá Ephraim Lọ Sọ́dún Bíà

Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pọn bíà ní Ṣàngó-Ọ̀tà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìyàwó Ephraim ló ń yan ọdún bíà tí ọkọ rẹ̀ yóò lọ. Iṣẹ́ Ephraim ni kó máa tọ́ bíà wò kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò, àwọn tó ń ṣe ọdún bíà káàkiri sì máa ń pè é kó wá bá wọn sọ èyí tó dára jù. Bí ìpè bá ti dé, ilé ni yóò gbé e lọ fún Dásọ́lá. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Dásọ́lá ti ta bíà rí ní Ìjókò kó tó di àtúnbí, wọ́n sì ní ẹni tó ti rí ibi tí ọtí ń gbé ọkùnrin dé kò lè ṣàì ṣọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ gan-an ni yóò jókòó sí nídìí ọdún, tòun ti gèlè ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá gbé ife fún Ephraim, á fẹnu kàn án, Dásọ́lá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á sì yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí i létí. Wọ́n ní ó ń bá a wí ni. Ephraim kì í jiyàn. "Ọkọ Dásọ́lá" ni àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ ń pè é.

Lọ́dún yìí, ìpè dé láti Ìbàdàn, láti Jọ́ọ̀sì àti láti Kàlàbá. Ephraim jókòó sí kíṣìnnì, ó ń ka wọ́n fún Dásọ́lá tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa jókòó ní Jọ́ọ̀sì?" ni Dásọ́lá bi í.

"Wọ́n ní èèyàn lè mú ìyàwó ẹ̀ dání. Àmọ́ ọ̀nà yẹn jìn."

"Ìbàdàn ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Ìbàdàn la máa lọ nìyẹn. Kàlàbá ńkọ́?"

"Yàrá kékeré ni wọ́n máa fi oníkálukú sí. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé."

"Ẹ ò lọ síbẹ̀ o." Bó ti ń sọ ọ́ ló sáré wọlé, ó pa sítóòfù. Ẹ̀wà ti jóná di èédú níwájú ọkọ rẹ̀. "Háà, Bàbá Treasure! Ẹ̀yin lẹ jókòó tì í yìí!"

"Mi ò mọ̀," ni Ephraim wí.

Oyèwùmí, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, kò gba ti Ìbàdàn wọlé rárá.

"Brọ̀dá Ephraim, Kàlàbá ni gbogbo ilé iṣẹ́ bíà ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò fáwọn tó ń tọ́ bíà wò. Tẹ́ ẹ bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ẹ̀yin la máa fi ṣe olórí. Ẹni tí ò bá kógo já, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fi sídìí bíà mọ́. Kí lẹ wá ń bẹ̀rù? Níbi iṣẹ́ wa níbí, àwọn yòókù á tọ́ bíà wò, wọ́n á máa sọ ìsọkúsọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin á rọ díẹ̀ sí fúláàsì gbé lọ sílé, tó bá di àárọ̀, ẹ ti ronú dé ìdí ohun tó ṣe é. Ọ̀gá nìyẹn!"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sí Ìbàdàn, sà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀, àbí Màmá Treasure?"

Ephraim ń wo bàtà rẹ̀. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Àánú rẹ̀ ṣe Oyèwùmí gidigidi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Oyèwùmí lọ sílé Ephraim ní Ìjókò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, òun kò sì ní wà níbẹ̀ kí wọ́n fi ìyàwó há ọkùnrin mọ́lé.

"Màmá Treasure, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mí. Ọkùnrin kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀."

Dásọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà jókòó tì í, mi ò ní sọ nǹkan kan sókè."

"Òfin wọn ò gbà á."

"Ẹ fi ẹlòmíì ránṣẹ́ nígbà náà."

"Mo ti fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́," ni Oyèwùmí fi ẹ̀rín wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní mutí yó, kò sì ní tẹ̀ lé obìnrin kankan."

Omi lé sójú Dásọ́lá. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Kò sí èyí tó lè gba èkejì sílẹ̀ nínú wọn. Inú Oyèwùmí dùn bó ti ń padà lọ.

Abẹ́ bíríìjì Ṣàngó ni ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ti wá gbé Ephraim. Awakọ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti gba òmìnira. Dásọ́lá di fèrèsé ọkọ̀ mú.

"Ẹ sọ pé inú ń run yín."

"Wọ́n á fún mi lóògùn, wọ́n á ní kí n padà jókòó."

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, Dásọ́lá ṣì na ọwọ́ sí ibi tí fèrèsé wà tẹ́lẹ̀.

Ní Kàlàbá, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà, wọ́n to ife bíà síwájú Ephraim, ó sì tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, omi lásán ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀, bí ohun gbogbo ti rí láti ọdún tí kòrónà ti ṣe é, nítorí ahọ́n tó ti ń bá ilé iṣẹ́ wọn tọ́ bíà wò láti ìgbà náà, ti Dásọ́lá ni, Ìjókò ló sì wà.