Ọ̀rọ̀ Kan Tó Sọ Ọmọ Alààyè Di Òkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì lè sunkún lásán.

1.
Oníròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Orí ayélujára ni ilé iṣẹ́ wọn ti ń gbé ìròyìn jáde, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí tirẹ̀ ṣáájú ti gbogbo èèyàn. Ọ̀gá wọn, Ìyá Olóòtú, máa ń sọ fún un pé, "Àbúrò mi, béèrè kí o tó kọ."

Á rẹ́rìn-ín. "Mà, kí n tó béèrè tán, àwọn yòókù á ti gbé e jáde."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ilé ìwé kan pè é. "Ọkọ̀ gbá ọmọ ilé ìwé kan níbí o. Wọ́n ti gbé e lọ." Ó fi àwòrán báàgì ọmọ náà ránṣẹ́, báàgì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi aṣọ pupa lẹ̀ ní okùn èjìká.

Kíákíá kò béèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ. Kò pe ilé ìwòsàn. Ó fi àwòrán báàgì náà sí i, ó kọ ọ́ báyìí: "Ọkọ̀ Gbá Ọmọ Ilé Ìwé Pa."

Ẹ wo àkọlé yẹn dáadáa. "Gbá" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. "Pa" yẹn, òun ló fi kún un.

2.
Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń rán apá bùbá, nígbà tí oníbàárà rẹ̀ gbójú sókè látorí fóònù. "Ẹ gbọ́, ọkọ̀ ti pa ọmọ kan o. Báàgì rẹ̀ rèé."

Ìyá náà wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ aṣọ pupa yẹn mọ́ báàgì nígbà tí okùn èjìká rẹ̀ já.

Ó dìde, ó fi fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó jáde. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ilé ìwé náà, kò béèrè yàrá àwọn ọmọdé. Ibi tí wọ́n ń kó òkú sí ló béèrè.

3.
Ní àkókò yẹn náà, fóònù ilé iṣẹ́ ìròyìn dún.

"Èmi ni awakọ̀ tí ẹ ní ó pa ọmọ," ni ohùn ọkùnrin kan wí. "Èmi ni mo gbé e wá sí ilé ìwòsàn, mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. A ń pe ìyá rẹ̀, kò gbé fóònù. Ta ló sọ fún yín pé ó kú?"

Ìyá Olóòtú gba fóònù lọ́wọ́ Kíákíá, ó bẹ awakọ̀ náà, ó sì tún àkọlé ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó wá yíjú sí Kíákíá.

"Dìde. Lọ fojú ara rẹ rí ọmọ tí o pa."

4.
Ọmọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti di igi mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí màámi?" ló kọ́kọ́ bi Kíákíá.

Nọ́ọ̀sì kan ní, "Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ọ̀nà ibi tí wọ́n ń kó òkú sí."

Eré ni Kíákíá sá débẹ̀. Ó bá ìyá náà tó fara ti ògiri, tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń sọ fún un pé kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀.

"Ẹ kàn ń fi í pa mọ́ fún mi ni," ni ìyá náà ń wí. "Ó wà nínú ìròyìn."

Kíákíá kúnlẹ̀. "Mà, èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe òótọ́. Ọmọ yín wà láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán."

Ìyá náà ní, "Ṣé o fojú ara rẹ rí i?"

"Mo rí i, mà. Ẹ̀yin ló ń béèrè."

"Mú mi lọ."

Nígbà tí wọ́n wọlé, ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Màámi, ẹ ò wọ bàtà."

Ìyá náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹkún tó dé. Awakọ̀ tó jókòó ní igun yàrá bo ojú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀.

5.
Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti san, ó ti padà sí ilé ìwé. Wọ́n gba ìròyìn kíkọ lọ́wọ́ Kíákíá. Iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni kó máa pe ilé ìwòsàn àti àgọ́ ọlọ́pàá, kó wádìí ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ. Wọn ò pè é ní Kíákíá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń pín in kiri, mo bẹ̀ yín. "Ó farapa" kì í ṣe "ó kú." "Ọlọ́pàá ń bi í ní ìbéèrè" kì í ṣe "ọwọ́ tẹ̀ ẹ́." Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ pé kò tíì dá yín lójú. Èèyàn kan wà níbì kan tó mọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kà á.